Níbo Ni Ìwé Ẹgbẹ́ Wà? Ọ̀rọ̀ lórí Ohun Tó Ń Mú Kí Ẹgbẹ́ Gba Ìpamọ́ Orí Cloud Tàbí Kí Ó Kọ̀ Ọ́

Ọ̀rọ̀ tí a pèsè fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò



Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2016, iná jó ọjà Sábọ̀n Gàrí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ló run. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń ka irú òfò bẹ́ẹ̀, ọjà tó jóná àti owó tó bá a lọ ni wọ́n sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n iná kì í jó ọjà kó fi ìwé sílẹ̀. Ìwé gbèsè, rìsíìtì, ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù, káàdì àjọ, àti ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ akápò ẹgbẹ́ máa ń tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ní ìsọ̀ wọn, iná lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárín wákàtí kan. Ọjà ṣeé rà padà bí owó bá wà. Orúkọ ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ lówó, àti ti ẹni tí ẹgbẹ́ jẹ lówó, bí kò bá sí níbòmíràn, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Sábọ̀n Gàrí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá jẹ́ ìlú tuntun, kò tíì sí kí ojú irin tó dé Kánò ní ọdún 1911. Ìjọba amúnisìn ló ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní ẹ̀yìn odi ìlú àtijọ́ fún àwọn tó bá reluwé dé láti Gúúsù àti láti ibòmíràn: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé, télọ̀, oníṣòwò. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ. Ẹgbẹ́ ló ń sin òkú ẹni tí kò ní ará nítòsí. Ẹgbẹ́ ló ń parí ìjà láàárín ọkọ àti aya. Ẹgbẹ́ ló ń dá owó ránṣẹ́ sílé fún ilé ìwé àti fún ọ̀nà. Orí ìwé ni gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí dúró lé: ìwé orúkọ, ìwé owó oṣù, ìwé ìpàdé. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni àpótí ìwé sì máa ń wà. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ akọ̀wé lọ sí ìlú mìíràn, àpótí lè bá a lọ. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè fi í dáná. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àpótí kan ṣoṣo ni, ibi kan ṣoṣo ló sì lè wà.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti gbé ní ilẹ̀ Ghana mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé náà tàbí kí wọ́n kó jáde. Oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ṣakí àti láti àwọn ìlú mìíràn kó ohun tí apá wọn ká. Ẹrù ọ̀sẹ̀ méjì kò pọ̀, ènìyàn yóò sì kọ́kọ́ mú ọmọ àti owó kó tó rántí ìwé ẹgbẹ́. Gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn oníṣòwò náà kù sí ẹ̀yìn, ẹ̀rí rẹ̀ náà sì kù sí ẹ̀yìn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní cloud wá láti dáhùn irú ìṣòro yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Àwọn kan ti ń pè é ní àwọsánmà lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí kò sí ohunkóhun tó so rọ̀ lójú ọ̀run. Ilé ni, ilé tí wọ́n fi bíríìkì àti irin kọ́, tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú níbẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kó ìwé rẹ̀ sí ilé náà, ó sì ń gba ọ̀nà kan náà mú un jáde. Ní ọdún 2011, NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, tẹ ìtumọ̀ kan jáde tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò títí di òní: oníbàárà ń mú ohun tó fẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́, ó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà ń pín agbára ẹ̀rọ kan náà lò, ó ń fẹ̀, ó sì ń súnkì, bí iṣẹ́ bá ṣe rí, wọ́n sì ń wọn ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò.

Ẹni tó ń gbé Kánò kò nílò àpèjúwe láti òkè òkun kí èyí tó yé e. Ẹnì kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú àgbàlá rẹ̀: ó náwó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe bó bá bàjẹ́, òun náà ni yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi. Aládùúgbò rẹ̀ ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri: iye kẹ́ẹ̀gì tó gbà ló ń san, kò sì ní ẹ̀rọ kankan tó lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mai ruwa kò bá wá, tàbí tó bá fi owó lé e, ẹnu olúwarẹ̀ kò lè gbọ́ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ tó ra kọ̀ǹpútà ńlá sí gbọ̀ngàn rẹ̀ ti gbẹ́ kànga. Ẹgbẹ́ tó lọ sí orí cloud ń ra omi. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú méjèèjì. Ohun tó yẹ kí àwọn olóyè mọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti wà lórí cloud láìṣe ìpàdé lé e lórí. Akọ̀wé ti ṣí Gmail ní orúkọ ara rẹ̀, ó ti fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà fóònù wọn síbẹ̀. Àwòrán ìsìnkú àti ti ìwúyè ti wà nínú Google Photos. Ìròyìn ìpàdé ti wà nínú WhatsApp, tí fóònù akọ̀wé sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀ sí orí Google Drive lóru nígbà tó ń sùn. Nítorí náà kì í ṣe bóyá kí ẹgbẹ́ wọlé ni ìbéèrè tó kù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìbéèrè ni bóyá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló wọlé, tàbí akọ̀wé nìkan ló wọlé tí ẹgbẹ́ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí tipẹ́ ìdí tí àwùjọ kan fi ń tètè gba ohun tuntun tí òmíràn sì ń lọ́ra. Ìwádìí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ kò kan kọ̀ǹpútà rárá. Àgbàdo ló dá lé lórí. Ní ọdún 1943, Bryce Ryan àti Neal Gross tẹ ohun tí wọ́n rí láàárín àwọn àgbẹ̀ 259 ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà jáde. Irúgbìn àgbàdo tuntun tó ń so ju ti àtijọ́ lọ ti wà lọ́jà láti nǹkan bí ọdún 1928, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó tàn ká. Ẹnu àwọn tó ń tà á ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó ti gbìn ín ló mú wọn gbà. Bí wọ́n sì ti gbà tán, igun kékeré nínú oko ni wọ́n fi dán an wò. Kí ìwádìí náà tó parí, àgbẹ̀ méjì péré ló kù tí kò tíì gbìn ín. Ní ọdún 1962, Everett Rogers gba orí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kọ ìwé kan tó fi hàn pé ohun tuntun máa ń tètè ràn bí àǹfààní rẹ̀ bá hàn ju ti àtijọ́ lọ, bó bá bá ìṣe àwọn ènìyàn mu, bí kò bá lọ́jú pọ̀, bó bá ṣeé dán wò díẹ̀díẹ̀, tí ojú sì lè rí èrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1990, Tornatzky àti Fleischer fi kún un pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni a gbọ́dọ̀ wò: a gbọ́dọ̀ wo ẹgbẹ́ tó fẹ́ lò ó, a sì gbọ́dọ̀ wo ìlú tí ẹgbẹ́ náà wà. Ìwé wọn wúlò níhìn-ín ju bí àwọn tó kọ ọ́ ti lè rò lọ, nítorí ìlú tí ẹgbẹ́ wà ló ń pinnu púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ní Kánò.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí iná mànàmáná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn ba wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí òkè Ọya jẹ́, òkùnkùn sì bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá, Kánò pẹ̀lú, fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà nínú gbọ̀ngàn kò lè tan án láìra epo, èyí tó mú kí cloud dára lójú wọn. Ṣùgbọ́n òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fóònù ń gbà dé orí cloud náà ń lo iná, bí dísù bá sì wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa fà bí ìgbín. Ẹni tó bá ní kí ẹgbẹ́ kó gbogbo ìwé rẹ̀ sí orí cloud láìfi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ kò tíì ronú lórí ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó gùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìhà etíkun Côte d'Ivoire. Kì í ṣe Kánò, kì í ṣe Nàìjíríà pàápàá, síbẹ̀ iṣẹ́ àwọn báǹkì kan dẹnu kọlẹ̀ ní ìlú Èkó, oníṣòwò tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sì dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ń kó ìwé wọn sí, kódà bí oníbàárà àti báǹkì bá wà ní òpópónà kan náà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ aláṣẹ ilé iṣẹ́ ti túbọ̀ ń béèrè ohun tí wọn kì í sábà béèrè tẹ́lẹ̀: orílẹ̀-èdè wo gan-an ni ìwé wa wà?

Ìdáhùn kan wà nítòsí ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Galaxy Backbone, ilé iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 láti máa pèsè nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ìpamọ́ dátà fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ní ilé ìpamọ́ kan ní Àbújá, ó sì kọ́ òmíràn sí Kánò. Ìpele kẹrin ni ti Kánò, èyí tó ga jù nínú ìpele mẹ́rin tí Uptime Institute fi ń díwọ̀n irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ohun kan bá bàjẹ́ nínú ilé náà, ìbáà ṣe iná tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ èkejì sí ibi tó jìnnà sí Àbújá ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹ̀dà ìwé òun wà ní ibi kan ṣoṣo. Ọgbọ́n tí àpótí akọ̀wé kò ní nìyẹn. Ní ìhà Gúúsù, obìnrin ọmọ Yorùbá kan, Funke Opeke, ló dá ilé iṣẹ́ MainOne sílẹ̀, èyí tó fa wáyà abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó ní ọdún 2010, tó sì tún kọ́ ilé ìpamọ́ dátà sí Lẹ́kí.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó kàn, òun ni akápò sì máa ń kọ́kọ́ béèrè. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ cloud ti òkè òkun fi ń gba owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹgbẹ́ tó ń san dọ́là 10 lóṣù, tí kò fi ohunkóhun kún ohun tó ń lò, rí i pé owó tí kò tó ₦5,000 ti di ohun tó ju ₦15,000 lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tún gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, èyí tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé cloud dín owó kù sọ òótọ́ nípa owó ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ nípa owó dọ́là àti owó dátà fóònù. Àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé tó ń gba náírà wà, ìdí yìí sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń yà sọ́dọ̀ wọn. Fún ẹgbẹ́ kékeré, Google ń fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó tó láti gba ìwé ìpàdé ọgọ́rùn-ún ọdún bí a kò bá kó fídíò ìwúyè sí i. (Fídíò ìwúyè ni ó sì máa ń kún un.)

Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe iná, ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ dúró. Ìfọkàntán ni. Baba tó ti jẹ́ akápò fún ogún ọdún mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Ó wà ní ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ìwé ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó gbọ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọdékùnrin tó mọ fóònù tẹ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní páswọ́ọ̀dù ló ni ilé. Bí àkáǹtì bá wà ní orúkọ akọ̀wé, tí nọ́ńbà tó ń gba kóòdù ìwọlé sì jẹ́ ti akọ̀wé, ẹgbẹ́ kò ní ohunkóhun níbẹ̀ ju àánú akọ̀wé lọ. Bí àárín bá bàjẹ́ nígbà ìdìbò, ìwé ti di ohun ìjà. Bí síìmù rẹ̀ bá sọnù, tàbí tó lo oṣù 6 láìpè tàbí láìra káàdì, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè ti nọ́ńbà náà pa, wọ́n sì lè padà fún ẹlòmíràn. Bí akọ̀wé bá sì kú, tí ẹnikẹ́ni kò wọ àkáǹtì náà fún ọdún 2, ìlànà tí Google kéde ní ọdún 2023 fún un láṣẹ láti pa àkáǹtì náà rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Iná ọjà lè jó ìwé láàárín wákàtí kan. Èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kò sí èéfín.

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi ọkàn wọn balẹ̀ lè ṣe kò le. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi ṣí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Síìmù tó ń gba kóòdù yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́, yóò wà lọ́wọ́ akápò, nígbà tí páswọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò ní lè wọlé láìsí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ti ń fi ìbuwọ́lùwé méjì gba owó ní báǹkì láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Àgbà tí kò mọ fóònù tẹ̀ mọ ìlànà ìbuwọ́lùwé méjì dáadáa. Bí a bá ṣàlàyé cloud fún un láti ibẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ òun gan-an ni yóò bi ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ gbàgbé láti bi. Ohun tí Rogers pè ní bíbá ìṣe mu nìyí, kò sì sí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kankan tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kan Sábọ̀n Gàrí ju àdúgbò mìíràn lọ. Kánò ti rí rògbòdìyàn, láti ti oṣù Karùn-ún ọdún 1953 títí di àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ àlàáfíà láàárín àwọn aládùúgbò ló pọ̀ jù lọ ní ìlú náà. Ìwé tó sọ orúkọ ènìyàn, ìlú tó ti wá, ẹ̀sìn rẹ̀, nọ́ńbà ilé tó ń gbé àti iye ọmọ rẹ̀, ní ọjọ́ àlàáfíà, ohun ìrànlọ́wọ́ ni. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, ohun mìíràn ni. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ mọ̀ ló yẹ kó kó sí ojú kan. Ìwé owó oṣù kò nílò àdírẹ́ẹ̀sì ilé. Àkọsílẹ̀ ìjà tọkọtaya tí àwọn àgbà parí kò níṣẹ́ kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 fara mọ́ ọgbọ́n yìí: ohun tí ènìyàn bá gbà nípa ọmọnìkejì kò gbọdọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ, kò sì gbọdọ̀ pa á mọ́ ju ìgbà tó wúlò lọ. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá jò sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì lè ṣe àwọn ènìyàn níbi, òfin ní kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún Àjọ Ìdáàbòbò Dátà láàárín wákàtí 72. Owó ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe kékeré: fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó lè dé mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n òfin kò yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Ìjọba náà ń tì láti ẹ̀yìn. Ní ọdún 2019, àjọ NITDA gbé ìlànà jáde lórí cloud, ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ wo ọ̀nà náà kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tuntun, ó sì fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ìwọ̀n ìdàgbàsókè tó fẹ́ rí títí di ọdún 2024. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020 gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Akọ̀wé tí ìwé rẹ̀ wà ní orí cloud lè rí orúkọ àwọn àgbàtọ́jú ẹgbẹ́ àti ìṣirò owó láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tí tirẹ̀ wà nínú àpótí ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tó dé orí cloud ti bọ́ lọ́wọ́ iná. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé ìpamọ́ dátà kan tí ó jẹ́ ti OVHcloud ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ilé kan run pátápátá, iná sì ba apá kan nínú òmíràn jẹ́. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ní ẹ̀dà níbòmíràn padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí kò ní, òmíràn nínú wọn kò rí ìwé wọn mọ́ títí di òní, ilé ẹjọ́ ni wọ́n sì ti ń bá ilé iṣẹ́ náà fà á. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná jó ilé ìpamọ́ dátà ìjọba ilẹ̀ Kòríà Gúúsù ní ìlú Daejeon. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó sínú àpò ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní G-Drive run, nítorí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbikíbi. Ọjà Sábọ̀n Gàrí àti Daejeon kò jọra ní nǹkan kan, àfi ní èyí.

Bí ẹgbẹ́ kan bá wá fẹ́ ṣe bí àwọn àgbẹ̀ Iowa, igun kékeré nínú oko ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìpàdé ọdún kan péré ni kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí wọ́n kó o sí orí àkáǹtì ẹgbẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí alága ní kí akọ̀wé mú ìpinnu kan jáde láti inú rẹ̀ lójú ìpàdé, kí gbogbo ènìyàn rí bó ti pẹ́ tó àti iye dátà tó gbà. Bí ó bá tẹ́ ìpàdé lọ́rùn, ìwé owó ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà orí bébà kò ní kúrò nílẹ̀: ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, akápò yóò tẹ ìṣirò owó jáde, alága yóò buwọ́ lù ú, wọn yóò sì fi pamọ́ sí ibi tí kì í ṣe ọjà, tí kì í sì í ṣe ilé akọ̀wé. Ẹ̀dà kẹta lè wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àgbà ní ìlú tí wọ́n ti wá.

Nígbà tí ọdún bá yípo, tí wọ́n bá sì yan olóyè tuntun, ohun mẹ́ta ni akọ̀wé tó ń lọ yóò fi lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn: òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, ìwé ńlá, àti àpòòwé tí wọ́n fi èdìdì dì, tí páswọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Akápò tó ń lọ náà yóò fi síìmù ẹgbẹ́ lé akápò tuntun lọ́wọ́. Akọ̀wé tuntun yóò sì yí páswọ́ọ̀dù náà padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.